Bí a ṣe ń mú fọ́ltì dọ́gba nínú dráífù àti ínfátà féèsì mẹ́ta

Ní ilé búrẹ́dì kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò jìnnà sí Tákìé, kápásítọ̀, agolo kékeré tó ń tọ́jú iná pamọ́, bẹ́ lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́ta nínú dráífù, àpótí tó ń darí iná mọ́tọ̀ tó ń yí ẹ̀rọ ìpo-ìyẹ̀fun. Kápásítọ̀ òkè, nínú méjì tó wà níbẹ̀, ló bẹ́ nígbà méjèèjì. Ẹni tó kọ́kọ́ tún un ṣe pààrọ̀ rẹ̀, ó gba owó, ó lọ. Nígbà tó tún bẹ́, ó padà wá, ó fi tuntun sí i, ó tún lọ. Kò pẹ́ tí tuntun náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ni ìyá oníbúrẹ́dì bá ránṣẹ́ pè mí. "Ọ̀gá oníná, ẹ bá mi wò ó o. Bí kò bá ní í ṣe é ṣe mọ́, ẹ sọ fún mi, kí n tètè mọ ibi tí màá ti wá owó òmíràn."

Kí n tó tú ohunkóhun, mo fi mítà wọ̀n ọ́n. Kápásítọ̀ òkè ń gbé fọ́ltì 372, ti ìsàlẹ̀ ń gbé 211. Nǹkan bíi 291 ló yẹ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn máa gbé. Ara kápásítọ̀ náà ni wọ́n kọ 400 sí. Ẹni tó ń gbé 372 lójoojúmọ́ nínú ooru ilé búrẹ́dì, tí wọ́n sì sọ fún pé 400 ni òpin agbára òun, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò lè pẹ́ láyé.

Iṣẹ́ yẹn ni mo fi ń kọ èyí fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tún dráífù ṣe, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń so ínfátà sólà oníféèsì mẹ́ta, èyí tó ń sọ iná sólà di irú tí ilé ń lò, mọ́lé, àti ẹ̀yin ọmọ yunifásítì LAUTECH tẹ́ ẹ ń fi ínfátà ṣe iṣẹ́ àṣejáde yín. Ẹ máa bá mi bọ̀ láti ìpìlẹ̀.

Ìdí tí kápásítọ̀ fi jẹ́ méjì

Fọ́ltì 415 ló wà láàárín féèsì kan sí èkejì nínú iná tó ń wọ dráífù. Dáyóòdù mẹ́fà, tí kì í jẹ́ kí iná gba ju ìhà kan lọ, ló ń sọ ọ́ di DC, iná tí kì í yí ìhà padà. DC náà kì í ṣe 415 o, torí orí ìgbì, ibi tó ga jù, ni kápásítọ̀ ń gbá mú. Ẹ fi 1.414 sọ 415 di púpọ̀, ẹ ó rí nǹkan bíi 587. Kápásítọ̀ oní-elẹ́kítírólítíìkì tó wọ́pọ̀ lọ́jà kì í sábà kọjá fọ́ltì 400 tàbí 450, torí náà àwọn tó ń ṣe dráífù máa ń so méjì tẹ̀léra, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé ìdajì. Ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé ni màá máa pè ní oríta.

Ẹ rántí alábàárù méjì tó fi ọ̀pá gbé àpò kajú sáàárín. Bí ọ̀kan bá ga ju èkejì lọ, díẹ̀díẹ̀ ni àpò náà á máa yọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni kúkúrú, títí ọrùn á fi wọ̀ ọ́. Kò sí kápásítọ̀ tí kì í jò. Gbogbo wọn ló ń jẹ́ kí kọ́rẹ́ǹtì kékeré gba inú wọn kọjá, kò sì sí méjì tó ń jò bákan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú páálí kan náà ni wọ́n ti jáde. Èyí tí kì í fi bẹ́ẹ̀ jò ni fọ́ltì máa ń wọ́ jọ sí lọ́rùn. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń fi rẹ̀sísítọ̀ kan, ohun tó ń dí kọ́rẹ́ǹtì lọ́nà, sí ẹ̀gbẹ́ kápásítọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kọ́rẹ́ǹtì tó ń gba inú rẹ̀sísítọ̀ pọ̀ ju èyí tó ń jò lọ, torí náà òun ló ń pinnu ibi tí oríta máa dúró sí.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ pa á, ẹ dúró, ẹ wọ̀n ọ́n

Ẹ pa bíréékà, ẹ sì yọ fíúsì sápò ara yín. Mo ti rí ọmọ iṣẹ́ tó bọ́ sẹ́yìn pánẹ́ẹ̀lì tí ẹnìkan sì tan iná lé e lórí, torí pé "iná ti dé".

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dúró. Báwo ló ṣe yẹ kó pẹ́ tó? Bí kápásítọ̀ bá jẹ́ 1000 µF (bó ṣe tóbi tó), tí rẹ̀sísítọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ 47 kΩ (bó ṣe ń dí kọ́rẹ́ǹtì tó), ẹ sọ wọ́n di púpọ̀: ìṣẹ́jú àáyá 47. Ìlọ́po márùn-ún rẹ̀ ni kó tó tán pátápátá, ìyẹn bí ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jẹ́ 2200 µF àti 100 kΩ, ìṣẹ́jú 18 ni. Nítorí náà, ẹni tó bá ní "ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó" fún gbogbo dráífù ń fi ẹ̀mí ṣeré.

Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé àbùkù tí a wá wá gan-an lè jẹ́ kó máà tán. Bí rẹ̀sísítọ̀ bá ti já, kò sí ohun tó máa fa iná inú kápásítọ̀ náà jáde. Ó lè jókòó síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹ mú mítà tí wọ́n kọ CAT III àti 1000 V sí lára (ìwọ̀n ààbò rẹ̀ nìyẹn), kí ẹ fi wọn kápásítọ̀ òkè, kí ẹ tún wọn ti ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ má ṣe wọn àpapọ̀ wọn nìkan.

Bó bá ṣì ní iná nínú, ẹ má fi sukurudráífà kàn án pọ̀. Gílóòbù olókùn-iná àtijọ́ méjì, 100 wáàtì ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ẹ so tẹ̀léra, ni kí ẹ fi kan ẹnu kápásítọ̀ náà. Á tàn fìrí, á sì kú. Gílóòbù LED kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, torí náà bí ẹ bá rí ti àtijọ́ rà, ẹ tọ́jú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wo oríta kí ẹ tó tú nǹkan kan

Nígbà tí iná ti kúrò pátá, ẹ fi kílíìpù mú pósítíìfù, oríta àti nẹ́gétíìfù. Ẹ gbé ọwọ́ kúrò, ẹ wá tan iná. Ẹ má fi ọwọ́ di mítà mú sínú dráífù tí iná wà nínú rẹ̀.

Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó kọ nǹkan sílẹ̀. Ní kété tí iná bá dé, bí kápásítọ̀ ṣe tóbi tó ló ń pín fọ́ltì, èyí tó kéré jù ló sì ń gba púpọ̀. Ìyàtọ̀ tí wọ́n yọ̀ǹda nínú ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí ara wọn sábà máa ń tó ìdá 20 nínú 100, torí náà ìyàtọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀sùn. Ó di ìgbà tí rẹ̀sísítọ̀ bá ti gba ìṣàkóso kí òótọ́ tó jáde.

Bí DC bá jẹ́ 583, tí ìyàtọ̀ òkè àti ìsàlẹ̀ kò sì kọjá 15, mo máa ń pa á dé. Bó bá ti lé ní 30, mo mọ̀ pé iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ẹlòmíràn lè ní ìwọ̀n tirẹ̀, èyí ni tèmi.

Ìgbésẹ̀ 3: Ta ni ọ̀daràn, kápásítọ̀ ni tàbí rẹ̀sísítọ̀?

Ibí yìí ni ẹni tó ṣiṣẹ́ ṣáájú mi ti ṣìnà. Ó rí òkú, kò wá apànìyàn.

Ẹ ka rẹ̀sísítọ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ gbọ́dọ̀ yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrò lára bọ́ọ̀dù rẹ̀ kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, torí bí kápásítọ̀ bá ṣì so mọ́ ọn, nọ́ńbà tí mítà máa gbé wá kò ní jẹ́ òótọ́. Ní ilé búrẹ́dì yẹn, ti ìsàlẹ̀ ka 47 kΩ gẹ́gẹ́ bí àwọ̀ ara rẹ̀ ṣe wí. Ti òkè kò já, kò jóná, àwọ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ yí padà. Ṣùgbọ́n mítà ní 110 kΩ. Fọ́ltì gíga tó ń gbé lọ́dún dé ọdún ti wú u. Níwọ̀n bí ti òkè ti le ju ti ìsàlẹ̀ lọ, ti ìsàlẹ̀ ń fa oríta sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ẹrù wá ń dà sórí kápásítọ̀ òkè. Gbogbo kápásítọ̀ tuntun tí wọ́n ń rà kò mọ ohun tó ń pa òun.

Mo pe ọmọ iṣẹ́ mi kó wá fi ojú ara rẹ̀ rí nọ́ńbà náà. Ó wo rẹ̀sísítọ̀, ó wo mítà, ó tún wo rẹ̀sísítọ̀. "Bọ̀ọ̀dá, ṣé kì í ṣe bátìrì mítà ló ti lọ?" Mo ní kó fi mítà tirẹ̀ wọ̀n ọ́n. 110 náà ni.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ tó yẹ kápásítọ̀ wò. Èyí tí orí rẹ̀ bá ti wú, tàbí tó ti sun omi sí ìdí, kò nílò mítà mọ́. Ẹ sì máa ń pààrọ̀ méjèèjì pọ̀, ilé-iṣẹ́ kan náà, ìwọ̀n kan náà. Mo mọ̀ pé oníbàárà á ní "ọ̀kan ló bàjẹ́, kí ló dé tí ẹ fẹ́ rà méjì?" Ẹ ṣàlàyé fún un: ògbólógbòó àti tuntun kì í jò bákan náà. Àti pé kápásítọ̀ tó ti pẹ́ lórí àtẹ, tó lé ní ọdún méjì láìrí iná, ẹ rọra gbé fọ́ltì rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀ kí ẹ tó fún un ní gbogbo rẹ̀, kí awọ inú rẹ̀ lè tún ara rẹ̀ ṣe.

Ooru náà wà níbẹ̀. Òfin àwọn tó ń ṣe kápásítọ̀ ni pé tí ooru bá fi ìwọ̀n 10 Sẹ́lísíọ̀sì pọ̀ sí i, ọjọ́ ayé rẹ̀ á di ìdajì. Dráífù tí wọ́n gbé kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ààrò, lábẹ́ páànù, tí ìyẹ̀fun sì ti dí fáànù rẹ̀, ẹ gbá a mọ́ kí ẹ tó lọ. Bí àyè bá wà, ẹ bá wọn gbé e kúrò níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Rẹ̀sísítọ̀ wo ni kí ẹ fi sí i?

Bí ẹ bá mọ ti tẹ́lẹ̀, ẹ fi irú rẹ̀ sí i. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ṣírò rẹ̀. Kọ́rẹ́ǹtì inú rẹ̀sísítọ̀ gbọ́dọ̀ pọ̀ ju ìyàtọ̀ ìjò kápásítọ̀ méjèèjì lọ dáadáa, ìlọ́po márùn-ún sí mẹ́wàá. Fọ́ltì 294 lórí 47 kΩ máa ń fún wa ní mílíámpíà 6 lé díẹ̀. Ooru tó ń mú jáde ni 294 nígbà 294, tí a fi 47,000 pín: nǹkan bíi wáàtì 1.84. Ẹ má fi oníwáàtì méjì sí i torí pé "1.84 kò tó 2". Márùn-ún ni kí ẹ lò.

Èyí tí ọ̀pọ̀ wa kì í wò ni fọ́ltì tí rẹ̀sísítọ̀ fúnra rẹ̀ lè gbà. Àwọn kéékèèké kan kò gbọ́dọ̀ kọjá 250 tàbí 350, bí wáàtì wọn tilẹ̀ tó. Mo rò pé òun ló wú ti ìyá oníbúrẹ́dì. Torí náà, 22 kΩ méjì tẹ̀léra, oníwáàtì mẹ́ta ọ̀kọ̀ọ̀kan, ni mo fi sí ẹ̀gbẹ́ kápásítọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wá ń gbé fọ́ltì 147 péré. Ẹ gbé wọn sókè díẹ̀ kúrò lára bọ́ọ̀dù, kí ooru wọn má baà sun ún.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ fi gílóòbù dán an wò

Ẹ yọ okùn mọ́tọ̀ iná. Ẹ fún ẹnu méjì péré nínú mẹ́ta tí iná ń gbà wọlé ní fọ́ltì 230 lásán, kí gílóòbù 100 wáàtì kan wà lójú ọ̀nà. Gílóòbù á tàn kedere, á sì rọra ṣú. Bó bá ń tàn lọ láìṣú, nǹkan ti kan pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ pa á kíákíá. Bó bá ṣú, DC inú rẹ̀ á wà ní itòsí 325, kápásítọ̀ kọ̀ọ̀kan á sì gbé 162. Dráífù lè kọ ọ́ sójú pé iná kò tó. Ẹ má dá a lóhùn, òótọ́ ló ń sọ.

Bí oríta bá dúró dáadáa níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ wá fún un ní féèsì mẹ́ta.

Ìgbésẹ̀ 6: Iná tó ń wọlé ńkọ́?

Dráífù lè dára kí iná ìta máa pa á. Ẹ wọn pupa sí yẹ́lò, yẹ́lò sí búlúù, búlúù sí pupa. Ká ní ẹ rí 400, 412 àti 388. Ẹ pín àpapọ̀ wọn sí mẹ́ta, ó jẹ́ 400. Èyí tó jìnnà jù sí i fi 12 jìnnà. 12 nínú 400 jẹ́ ìdá 3 nínú 100. Ìlànà NEMA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ohun èlò iná ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí àwọn onímọ́tọ̀ iná ń tẹ̀lé, ní láti ìdá 1 lọ ni kí a ti máa dín ẹrù mọ́tọ̀ tó so tààrà mọ́ iná kù, bó bá sì kọjá 5 kí a má tan án rárá. Ìdí ni pé ìyàtọ̀ kékeré nínú fọ́ltì ń di ńlá nínú kọ́rẹ́ǹtì, ó lè tó ìlọ́po mẹ́fà sí mẹ́wàá.

Àwọn kan á ní, "Ṣebí dráífù ń ṣe féèsì tuntun fún mọ́tọ̀?" Bẹ́ẹ̀ ni, mọ́tọ̀ lè má mọ nǹkan kan. Kápásítọ̀ ló ń jẹ ìyà náà. Nígbà tí féèsì mẹ́ta bá pé, tó sì dọ́gba, ìgbì tó kù lórí DC ń lọ ní 300 Hz (ìgbà 300 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), ó sì kéré. Bí ọ̀kan bá lọ, ó di 100 Hz, ó tóbi, kápásítọ̀ á sì máa gbóná láti inú wá. Ní àdúgbò wa, ilẹ̀kùn méjì ni mo kọ́kọ́ máa ń kàn: ibi tí okùn ti so mọ́ bíréékà, nítorí nọ́ọ̀tì tó tú máa ń jẹ fọ́ltì, àti fìríìjì, ẹ̀rọ ìlọta àti ẹ̀rọ omi kànga tí gbogbo wọn kóra jọ sórí féèsì kan ṣoṣo.

Ìgbésẹ̀ 7: Ínfátà tó ní níútírà

Ínfátà sólà féèsì mẹ́ta kan wà tó jẹ́ pé oríta gan-an ni wọ́n ti mú níútírà, okùn tí kọ́rẹ́ǹtì féèsì ń gbà padà, jáde. Pẹ̀lú irú èyí, rẹ̀sísítọ̀ kò lè gbà yín. Gbogbo kọ́rẹ́ǹtì tó bá kù sílẹ̀ láàárín féèsì mẹ́ta ń padà sí oríta, ó sì ń gbọ̀n ọ́n.

Ká ní ẹrù yín jẹ́ ámpíà 20 lórí pupa, 12 lórí yẹ́lò, 5 lórí búlúù. Bí irú ẹrù náà bá jọra, níútírà á gbé ámpíà 13. Bí kápásítọ̀ kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 2200 µF, oríta á máa lọ bíi fọ́ltì 13 sókè, 13 sísàlẹ̀, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ wá gbé àwọn ẹrù kan kúrò lórí pupa lọ sórí búlúù títí wọ́n á fi di 13, 12 àti 12. Àpapọ̀ ẹrù kò yí padà, 37 ló jẹ́ nígbà méjèèjì, ṣùgbọ́n níútírà á wá gbé ámpíà 1. Oríta á fẹ́rẹ̀ẹ́ má mira mọ́. Okùn díẹ̀ tí ẹ yí sí ibòmíràn nínú pánẹ́ẹ̀lì ló ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ìgbésẹ̀ 8: Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ ètò ìṣàkóso rẹ̀

Ẹni tí dráífù lásán bá tó lè dúró níbí.

Ínfátà oní-ìpele mẹ́ta máa ń fún féèsì kọ̀ọ̀kan láàyè láti so mọ́ pósítíìfù, mọ́ oríta, tàbí mọ́ nẹ́gétíìfù. Àwọn ará Jàpáánù mẹ́ta, Nabae, Takahashi àti Akagi, ló gbé irú rẹ̀ tí a ń fi dáyóòdù dì mú jáde nínú àpilẹ̀kọ wọn ní 1981. Ìgbì rẹ̀ mọ́ ju ti oní-ìpele méjì lọ, ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí féèsì kan bá fara kan oríta, ó ń fa nǹkan kúrò níbẹ̀ tàbí ó ń fi nǹkan síbẹ̀. Ètò ìṣàkóso gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ.

Ọ̀nà tó rọrùn jù rèé. Ẹ máa ka fọ́ltì òkè àti ti ìsàlẹ̀, kí ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Ẹ sẹ́ ìgbì 150 Hz kúrò nínú ìyàtọ̀ náà, nítorí ìgbì yẹn jẹ́ ti ínfátà yìí láti ilẹ̀, ìjà tí ẹ bá bá a jà á dà yín láàmú. Ẹ fi nọ́ńbà kékeré kan sọ èyí tó kù di púpọ̀, kí ẹ fi ohun tí ẹ bá rí kún àṣẹ féèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bákan náà. Níwọ̀n bí ohun kan náà ti wọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, fọ́ltì láàárín féèsì sí féèsì kò yí padà, mọ́tọ̀ kò mọ̀, oríta nìkan ló mọ̀. Ẹ fi ààlà sí i, kí àṣẹ féèsì kankan má baà kọjá òpin.

Àgbékalẹ̀ yìí máa ń tàn yín jẹ níbì kan: àmì rẹ̀ ń yí padà nígbà tí agbára bá yí ọ̀nà padà. Nígbà tí mọ́tọ̀ ń fa ẹrù, ẹ fi kún un. Nígbà tí wọ́n bá tẹ bíréékì tí mọ́tọ̀ wá ń dá agbára padà, ohun kan náà tó ń mú oríta dúró á bẹ̀rẹ̀ sí í tì í ṣubú. Ẹ jẹ́ kí ètò náà máa wo ìhà tí agbára ń lọ, kí ó sì máa yí àmì náà fúnra rẹ̀. Kí ìṣàkóso kọ́rẹ́ǹtì yára jù, kí ti fọ́ltì DC tẹ̀lé e, kí ti oríta máa bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú pẹ̀lẹ́.

Ẹ má dán an wò lórí 587. DC 60 láti ẹ̀rọ agbára orí tábìlì ti tó. Nígbà tí ínfátà bá ń ṣiṣẹ́ lórí ẹrù kékeré, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi rẹ̀sísítọ̀ 1 kΩ oníwáàtì márùn-ún kan ẹ̀gbẹ́ kápásítọ̀ kan ṣoṣo, kí ẹ fi da oríta rú. Bí òkè àti ìsàlẹ̀ bá rọra padà sí 30 àti 30, ó ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá tún jìnnà síra sí i, àmì ni ẹ kọ sódì. Bí wọ́n bá ń sá síwá sá sẹ́yìn, ẹ dín nọ́ńbà yẹn kù. Bí ìyàtọ̀ kan bá kù tí kò lọ bọ̀rọ̀, ẹ lọ yẹ ohun tó ń ka fọ́ltì wò kí ẹ tó bú ètò. Ó lè jẹ́ pé mítà inú rẹ̀ ló ń purọ́ fún un.

Ti ìyá oníbúrẹ́dì, nígbà tí mo dé e pọ̀, òkè gbé 292, ìsàlẹ̀ gbé 290. Mo fi kálámù kọ nọ́ńbà méjèèjì àti ọjọ́ náà sínú ìdérí dráífù, kí ẹni tó bá tú u lẹ́yìn mi rí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá bi mí pé kí ni mo kọ síbẹ̀ yẹn. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ni, mà.